Ìṣẹ́jú kan péré: bí a ṣe ń mú ẹyin àti àtọ̀ ẹja àrọ̀ pàdé

Ẹ nu abọ́ yín gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹja. Ẹ̀kán omi díẹ̀ tó bá kù sí ìdí abọ́ tó láti ti ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ẹyin pa kí àtọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹyin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá sì ti tì, kò sí oògùn tó lè ṣí i mọ́. Èyí ló fà á tí ènìyàn fi lè ra họ́mọ̀nù tó dára, kó gún ẹja bó ṣe yẹ, kó fún ẹyin jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, síbẹ̀ tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á ti funfun bí ẹ̀kọ.

Ẹni tó fẹ́ pa ẹyin àrọ̀ fúnra rẹ̀ la kọ èyí fún, ìbáà ṣe táńkì méjì lẹ́yìnkùlé ní Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo, ìbáà ṣe oko ńlá lọ́nà Ìlobùú. Clarias gariepinus ni ẹja náà, àrọ̀ onírùngbọ̀n tí gbogbo wa mọ̀ nínú abọ́ ọbẹ̀ aláta. Bí a ṣe ń sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe la ó máa sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, torí pé ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyin kò nílò ẹni tí yóò máa pariwo "ẹ yára" sí i létí.

Ohun tí táńkì kò ní

Lásìkò òjò, tí odò bá kún bo koríko etí rẹ̀, àrọ̀ a máa gòkè lóru lọ síbi tí omi kò jìn. Abo á yé ẹyin, akọ á da àtọ̀ lé e. Nínú táńkì kò sí àkúnya omi, nítorí náà ẹyin á gbó dé ibì kan, á sì dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó dúró sí. Ẹyin kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ó fẹ̀ tó mìlímítà kan tàbí kó lé díẹ̀. Oúnjẹ ti kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀, ìyẹn ilé tí kùrómósóòmù, ohun tó gbé àbùdá, ń gbé, ṣì tóbi, ó ṣì jókòó láàárín, kùrómósóòmù inú rẹ̀ kò tíì pín. Àtọ̀ ò lè ṣe irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan, bí ẹ tilẹ̀ da gálọ́ọ̀nù rẹ̀ sí i.

Àṣẹ tó yẹ kó ti ọpọlọ wá ni kò tíì wá. Pítúítárì, kóró kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ, ló ń tú họ́mọ̀nù LH sínú ẹ̀jẹ̀, dopamine, kẹ́míkà kan láti ọpọlọ, ló sì ń di pítúítárì lọ́wọ́ mú. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún ẹja ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú mìlílítà kan Ovaprim, ìyẹn oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, máíkírógíráàmù 20 GnRH (họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ) àfọwọ́ṣe, tí wọ́n wo ti ẹja salmon ṣe, wà níbẹ̀ láti pàṣẹ fún pítúítárì; mìlígíráàmù 10 domperidone sì wà níbẹ̀ láti yọ ọwọ́ dopamine kúrò lọ́nà. LH á dé ibi ẹyin, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin ká á ṣe họ́mọ̀nù mìíràn, ìyẹn ló máa jí ẹyin fúnra rẹ̀. Kókó á sún láti àárín lọ sí etí, awọ rẹ̀ á yọ́, kùrómósóòmù á pín lẹ́ẹ̀kan, ẹyin á ti ìdajì síta, á bẹ̀rẹ̀ ìpín kejì, á sì tún dúró láàárín rẹ̀. Àtọ̀ ló ń dúró dè lọ́tẹ̀ yìí. Láàárín àkókò yẹn náà ni ẹyin á bọ́ kúrò lára awọ tó so ó mọ́ ìyá, táá wá máa yọ̀ káàkiri nínú àpò ẹyin. Ẹyin tó bọ́ yìí nìkan ló ṣeé fún jáde.

Yíyan abo àti akọ

Ní ìlú tí orúkọ oyè ọba rẹ̀, Atáọ́ja, ti ara ìtàn Atẹ́wọ́gbẹja wá, kò yẹ ká tún máa kìlọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́: ẹja odò Ọ̀ṣun tó wà nínú igbó òrìṣà kì í ṣe ẹja tí a ń mú, bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ tóbi tó ìkòkò. Oko ẹja ni kí ẹ ti ra tiyín, kí ẹ sì ra abo àti akọ lóko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Abo tó wúwo tó kílò 1 sí 2, tó ti lé ní ọmọ ọdún kan, ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ikùn rẹ̀ á rọ̀, á yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Orí ihò ìdí rẹ̀ á pọ́n, á sì wú. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ikùn náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ sí ìdí, ẹyin mélòó kan á yọ. Kí wọ́n dọ́gba, kí àwọ̀ wọn sì dà bí ewé tó ń gbẹ lọ. Ikùn ńlá nìkan kò tó ẹ̀rí, torí àrọ̀ tó jẹun yó náà á yọkùn. Ẹ fi ebi pa wọ́n fún wákàtí 24 sí 36 kí ẹ tó gún wọn, ìyẹn á jẹ́ kí ẹ mọ ikùn ẹyin yàtọ̀ sí ikùn oúnjẹ, kò sì ní jẹ́ kí ìgbẹ́ bọ́ sínú abọ́ ẹyin lọ́jọ́ iṣẹ́.

Akọ ni èyí tí orí ihò ìdí rẹ̀ gùn tó ṣe ṣóńṣó, tí ṣóńṣó náà pọ́n. Kí òun náà ti lé ní ọdún kan. A kì í lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí títí a ó fi là á, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹyọ kan, ẹ mú méjì sílẹ̀.

Bí ẹ bá ní máíkíróskóòpù, tàbí awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, àyẹ̀wò kan wà tó máa gbà yín lọ́wọ́ owó họ́mọ̀nù tó ń ṣòfò. Ẹ po ọtí líle mímọ́ (ẹ́tánọ́ọ̀lù) mìlílítà 60, fọ́máálìnì 30 àti ásíìdì ásítíìkì 10 pọ̀. Ẹ ju ẹyin 20 tàbí 30 sínú díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ara ẹyin á mọ́ gaara, kókó rẹ̀ á sì hàn bí àmì kékeré kan. Tí púpọ̀ nínú kókó bá ṣì wà láàárín gbọ̀n-ọ́n, ẹ dá abo náà padà sí táńkì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, abẹ́rẹ́ kò ní ṣiṣẹ́ tó dára lára rẹ̀. Tí púpọ̀ bá ti ń sún lọ sí etí, ó ti yá. Fọ́máálìnì ń ta ojú, ó sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Abẹ́rẹ́ àti aago

Ìdajì mìlílítà Ovaprim fún kílò kan ara abo. Ẹ wọn ẹja, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀: abo kílò 1.4 máa gba mìlílítà 0.7. Akọ tó gbó dáadáa kò fi dandan nílò rẹ̀. Àwọn tó ń gún un ń lo ìdajì ìwọ̀n yìí. Kí ẹnì kan fi aṣọ ìnura tútù bo orí àti ojú ẹja kó lè farabalẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ni ẹ máa gún, láàárín ìyẹ́ ẹ̀yìn àti ìlà ẹ̀gbẹ́ ara, kí abẹ́rẹ́ dà gbọ̀ọ̀rọ̀ díẹ̀ dípò kó dúró ṣánṣán. Ẹ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi ìka tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ rọra fi pa á. Bí oògùn bá ṣàn padà jáde, ìwọ̀n tí ẹ fún un ti dín kù, ẹ ò sì ní mọ iye tó kù nínú ara.

Abo kan sí abọ́ kan, kí ẹ sì fi nǹkan wúwo lé ìdérí. Wọ́n ń já ara wọn jẹ, wọ́n sì ń fò.

Láti ìsinsìnyí lọ, ooru omi ló ń ka aago, torí gbogbo ohun tí kókó ẹyin ń ṣe, ìṣiṣẹ́ kẹ́míkà ni, òtútù sì ń fà á sẹ́yìn. Ní ìwọ̀n 28°C, ẹyin á ti bọ́ láàárín wákàtí 8 sí 10. Ní 26°C, wákàtí 10 sí 12. Ní 24°C, ó lè kọjá 12. Ní àsìkò ọyẹ́, omi táńkì lè tutù gan-an tó bá fi máa di òwúrọ̀, ẹni tó bá sì fi aago ìgbà ooru ṣe iṣẹ́ ọyẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ikùn ẹja tí ẹyin rẹ̀ kò tíì bọ́. Ẹ ra tamómítà, kí ẹ kọ ìwọ̀n sílẹ̀ ní wákàtí méjì méjì. Tí omi bá wà ní bíi 26 tàbí 27, abẹ́rẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ á jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ sí aago méje òwúrọ̀, nígbà tí oòrùn kò tíì mú.

Àtọ̀: ẹ jẹ́ kó sùn

A kì í sábà rí àtọ̀ àrọ̀ fún jáde láti ìta bí a ṣe ń fún ẹyin. Pípa la ń pa akọ, a ó là á níkùn, a ó sì yọ ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n gùn, wọ́n pẹ̀lẹ́bẹ̀, etí wọn rí wájawàja. Èyí tó gbó funfun bíi wàrà. Èyí tí kò gbó tín-ín-rín, ó sì fẹ́ẹ̀ dà bí awọ tí a lè ríran gbà kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn ẹ̀yà kan wà tó dà bí ìka ọwọ́ kéékèèké, ẹ má kó wọn mọ́ ọn. Ẹ fi tíṣù nu ẹ̀jẹ̀ ara ẹpọ̀n kúrò kó mọ́ tónítóní.

Nínú ẹpọ̀n, bílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ mélòó kan wà nínú mìlílítà kan, kò sì sí ọ̀kan tó ń lúwẹ̀ẹ́. Iyọ̀ tó wà nínú omi ara ló mú wọn sùn. Ní kété tí omi lásán bá kàn wọ́n, iyọ̀ àyíká wọn á já wálẹ̀ lójijì, ìrù wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í nà pìrì. Ṣùgbọ́n epo inú ọkọ̀ yìí kéré. Agbára tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kó pamọ́ tán kíákíá, omi náà sì ń rọ́ wọ inú rẹ̀, ó ń mú un wú títí tí ìrù á fi ká. Ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni wọ́n lágbára jù. Tó bá ti kọjá bí ìṣẹ́jú kan, díẹ̀ ló kù tó ṣì ń lọ.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í fọ ẹpọ̀n nínú omi ẹ̀rọ. Omi oníyọ̀ la ń lò: gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan omi tí a sè tó ti tutù. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ ra dríìpù tí wọ́n kọ 0.9% sí lára nílé oògùn, kí ẹ sì rí i dájú pé kì í ṣe èyí tó ní ṣúgà. Ẹ fi bíléèdì tuntun gé ẹpọ̀n sí wẹ́wẹ́ nínú abọ́ gbígbẹ, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì mímọ́ fún un, kí ẹ sì fi omi oníyọ̀ díẹ̀ pò ó. Àtọ̀ tó wà nínú omi oníyọ̀ lè wà nínú fíríìjì ní bíi 4°C títí di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ di yìnyín. Ẹ má gbé e sójú oòrùn: ìtànṣán ń ba DNA inú rẹ̀ jẹ́ láì dá ìrù rẹ̀ dúró, wàhálà èyí la ó sì rí níwájú.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Ẹ kán àtọ̀ díẹ̀ tín-ín-tín sórí gíláàsì máíkíróskóòpù, ẹ wò ó lábẹ́ ×400. Gbogbo rẹ̀ dúró bí iyanrìn. Ẹ fi ẹ̀kán omi táńkì kan sí i, kí ẹ má gbójú kúrò: ojú gíláàsì á hó bí ìgbà tí wọ́n tú ilé èèrà, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ níbi, níbi, títí á fi parọ́rọ́. Tí ó bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí ẹ tó fi omi sí i, omi tàbí ìtọ̀ ẹja ti dà sí i nígbà tí ẹ ń là á. Ẹ dà á nù, kí ẹ lo akọ kejì.

Fífún ẹyin

Ẹ fi aṣọ ìnura gbígbẹ nu abo láti orí dé ìdí, pàápàá lábẹ́ ikùn àti ìrù tí omi ti máa ń kán. Ẹ nu ọwọ́ yín náà. Ẹnì kan di orí mú, ẹnì kan di ìrù mú, ẹni tó ń fún un á fi àtàńpàkò tẹ ikùn láti àyà lọ sí ìdí. Ẹyin tó ti yẹ á ṣàn bí ògì tó ki, láìsí agbára. Tí ẹ bá ní láti fi ipá tẹ̀ ẹ́, tí ẹyin ń jáde ní wóró-wóró tó lẹ̀ mọ́ra, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ẹ dá a dúró. Ẹ dá abo padà sí omi, ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lẹ́yìn tí ẹyin ti pọ̀ nínú abọ́, ẹ ti dé ìparí, ẹ má fi ojúkòkòrò ba èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́.

Àpẹ̀jù náà ń bẹ. Ẹyin tó ti bọ́ tó sì pẹ́ nínú ikùn ń gbó kọjá ààlà: á rọ̀, á tẹ́ pẹ̀lẹ́bẹ̀, omi tó bá a jáde á pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì di oríṣiríṣi nínú abọ́ kan náà. Nínú irú ẹyin bẹ́ẹ̀, okùn tó to kùrómósóòmù sójú ìlà ti ń tú. Àtọ̀ lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa ti ibẹ̀ wá, ìrù rẹ̀ á wọ́, tàbí kó kú kó tó pa.

Ẹ wọn ẹyin náà. Gíráàmù kan jẹ́ ẹyin bíi 600 sí 700, nítorí náà gíráàmù 100 á lé ní ẹgbẹ̀rún 60. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ níbòji, kí ẹ sì má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí ẹ tó da àtọ̀ sí i. Omi díẹ̀ tó bá ẹyin jáde láti inú ikùn ń ṣọ́ ọ, òun ló ń mú un sùn bí omi oníyọ̀ ṣe mú àtọ̀ sùn. Ẹ má fọ̀ ọ́ kúrò.

Ìṣẹ́jú náà

Ẹ da àtọ̀ inú omi oníyọ̀ sórí ẹyin, ó kéré tán mìlílítà kan àtọ̀ gidi fún gíráàmù 100 ẹyin, kí ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ tó mọ́ tó sì gbẹ pò ó pọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó kárí. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ti parí níbí yìí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀, torí nínú omi oníyọ̀ àwọn méjèèjì ṣì ń sùn. Ẹ lè mí, ẹ lè wo aago.

Ní báyìí, ẹ bu omi táńkì mímọ́, tí ooru rẹ̀ bá ti ibi tí ẹ máa tẹ́ ẹyin sí dọ́gba, bíi ìwọ̀n ẹyin náà: mìlílítà 100 fún gíráàmù 100. Ẹ dà á sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ máa fi ìyẹ́ rò ó láìdúró fún ìṣẹ́jú kan.

Omi yẹn ló jí àwọn méjèèjì. Èèpo ẹyin ẹja le, àtọ̀ kò lè lu ú. Àtọ̀ èèyàn, ti màlúù àti ti ìgbín òkun ní àpò kékeré kan lórí tó kún fún ohun tó ń jẹ ọ̀nà. Àtọ̀ àrọ̀ kò ní i. Ihò kan ṣoṣo ló wà lára èèpo náà, tín-ín-rín bí ọ̀nà tí ẹnì kan péré lè gbà kọjá, ibẹ̀ ni kó gbà. Ẹ wá rí ìdí tí a fi ń rò ó: nínú ìdajì ìṣẹ́jú, sẹ́ẹ̀lì tí ojú kò lè rí ní láti wá ihò kan lára ẹyin tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Àtọ̀ tó pọ̀ tó sì kárí ló ń mú kí ó ṣeé ṣe.

Tó bá dé ìsàlẹ̀ ihò, awọ àtọ̀ á bá awọ ẹyin pàdé. Ìbáramu ń bẹ níbẹ̀. Ní 2018, wọ́n rí purotéènì kan lára ẹyin ẹja zebrafish tí wọ́n pè ní Bouncer: ẹyin tí kò bá ní i, àtọ̀ kò lè wọ̀ ọ́, nígbà tí wọ́n sì fi ti ẹja medaka rọ́pò rẹ̀, àtọ̀ medaka rọ́nà wọlé. Láàárín ìbátan tó sún mọ́ra, ilẹ̀kùn yìí kì í le tó bẹ́ẹ̀, òun ló fi ṣeé ṣe láti fi àtọ̀ Heterobranchus, ìbátan àrọ̀ wa, bá ẹyin Clarias, kí a rí àdàmọ̀dì tí wọ́n ń tà ní Heteroclarias.

Bí awọ méjèèjì bá ti so pọ̀, kálíṣíọ̀mù á ru sókè nínú ẹyin láti ẹ̀gbẹ́ ihò yẹn, á sì gbá lọ sí òdìkejì bí ìgbì. Ní 1978, wọ́n fi purotéènì jẹ́lífíìṣì tó ń tàn sínú ẹyin medaka, wọ́n sì rí ìmọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń rìn kọjá lára ẹyin. Ibi tí ìgbì náà bá dé, àwọn àpò kéékèèké tó wà lábẹ́ awọ ẹyin á bẹ́ síta. Ohun inú wọn á fa omi wọlé, èèpo á yọ kúrò lára ẹyin, àyè á sì ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Èèpo á le, ihò á dí, àtọ̀ kejì kò ní rọ́nà. Bí méjì bá wọlé, kùrómósóòmù á di ìlọ́po mẹ́ta, sẹ́ẹ̀lì kò ní mọ bí yóò ṣe pín in, ọmọ á kú.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé omi nìkan, láìsí àtọ̀, tó láti bẹ́ àwọn àpò yìí. Ẹ̀kán omi inú abọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohun tó ń ṣe nìyẹn: ó ń jí ẹyin nígbà tí àlejò kò tíì dé, ẹyin á sì tilẹ̀kùn mọ́ inú òfo.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá tì

Ẹ da omi àtọ̀ nù, ẹ fi omi táńkì ṣan ẹyin lẹ́ẹ̀kan tàbí méjì, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì láìjáfara, torí ara ẹyin àrọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ bí ilá. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìpele kan ṣoṣo. Ibi tó bá ti wọ́ jọ, ti ìsàlẹ̀ kò ní rí ọ́síjìn, á kú, olu funfun á hù lára rẹ̀, á sì ràn dé ara àwọn alààyè. Omi tó ń ṣàn, lítà 1 sí 3 ní ìṣẹ́jú kan, tó. Kí ooru wà láàárín 26 sí 28°C, kí ọ́síjìn má dín ní mìlígíráàmù 5 nínú lítà kan. Omi ẹ̀rọ tó ní kilorííìnì gbọ́dọ̀ wà nínú táńkì tó ṣí sílẹ̀, tí atẹ́gùn ń wọ̀, fún ọjọ́ kan sí méjì. Omi bọ́ọ̀hóòlù sábà máa ń ṣaláìní ọ́síjìn, ẹ jẹ́ kó ta láti òkè kó tó dé ibi ẹyin. Ẹ fi epo sínú jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó gún ẹja, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Nínú ẹyin, iṣẹ́ ń lọ. Ìpín kejì tó dúró á parí, ẹyin á ti ìdajì tó kù síta, kókó ìyá àti kókó bàbá á wá pàdé. Bàbá mú sẹ́ńtíríọ́ọ̀lù wá, òun ni wọ́n fi ń ta okùn tí yóò fa kùrómósóòmù sọ́tùn-ún sósì. Ìyá ló ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó kù, títí kan mitokóńdíríà, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì. Ní bíi wákàtí kan, orí ẹyin á pín sí méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún. Apá oúnjẹ kì í pín.

Kíka ẹyin, àti ohun tí wákàtí ikú ń sọ

Ẹ má ka ẹyin ní wákàtí àkọ́kọ́. Èyí tí omi nìkan jí ṣì mọ́ gaara, àyè ti ṣí lábẹ́ èèpo rẹ̀, ó jọ alààyè. Ẹ dúró dé wákàtí 8 sí 10. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún ẹyin níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí nẹ́ẹ̀tì, ẹ ka èyí tó mọ́ gaara, kí ẹ kó wọn pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ 82, 76 àti 79, ìpíndọ́gba jẹ́ 79 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbà tí ẹyin kú ṣe pàtàkì ju iye tó kú lọ. Tí ọ̀pọ̀ bá funfun láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹyin ni ẹ wò: wọ́n fún un ṣáájú àkókò, tàbí ó ti gbó jù. Tí ó bá jẹ́ pé ó mọ́ títí, tí awò fi hàn pé orí ẹyin kò pín rárá, àtọ̀ kò wọlé: abọ́ tútù, ọwọ́ tútù, àtọ̀ tó ti jí ṣáájú, tàbí àtọ̀ tó kéré jù. Èyí tó ń tan ènìyàn jù ni ẹyin tó pín dáadáa, tó di òkìtì sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, tó wá kú lẹ́ẹ̀kan náà ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ inú ẹyin ń ná ohun tí ìyá kó sílẹ̀ fún un. Nígbà tó bá di òkìtì sẹ́ẹ̀lì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìwé tirẹ̀ kà. Tí oòrùn bá ti ba DNA àtọ̀ jẹ́, ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Àmọ́ kí ẹ tó dá àtọ̀ lẹ́bi, ẹ wo tamómítà àti ọ́síjìn òru náà.

Ní 28°C, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ní bíi wákàtí 22. Ní 26°C, bíi 25. Ní 24°C, ó sún mọ́ 29. Ọmọ á bọ́ sí ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì, á máa gbọ̀n ìrù. Ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì náà jáde jẹ́jẹ́ pẹ̀lú èèpo àti ẹyin funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa èyí tó bọ́ sílẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má tíì fún wọn lóúnjẹ: èyí tí ìyá dì fún wọn ṣì wà lábẹ́ ikùn, ó sì máa tó wọn jẹ fún bí ọjọ́ mẹ́ta.